Ohùn Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ nínú àdéhùn òwò àgbáyé: ìbéèrè àti ìdáhùn

A kọ èyí fún àwọn oníṣòwò obì ní Ṣàgámù, àwọn tó ń yan gàrí káàkiri Ìjẹ̀bú, àgbẹ̀ kòkó Ìjẹ̀bú-Igbó àti Ìjẹ̀bú Ìlà-Oòrùn, àwọn ahunṣọ, àti gbogbo ẹgbẹ́ tí àdéhùn òwò bá kàn lápò. Ìbéèrè tó ń dé etí wa jù ló wà níbí.

Kí ni wọ́n ń pè ní ìjíròrò ẹgbẹ́ ará ìlú nínú àdéhùn òwò?

Ìjọba ló ń fọwọ́ sí àdéhùn, àmọ́ àwọn tí àdéhùn náà máa bá nílé kì í sí nínú yàrá tí wọ́n ti ń kọ ọ́. Ìjíròrò yìí ni ọ̀nà tí àdéhùn fúnra rẹ̀ là sílẹ̀ kí àwọn tí kì í ṣe ìjọba lè gbọ́ ohun tó ń lọ, kí wọ́n sọ tẹnu wọn, kí wọ́n sì máa ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń mú un lò. Àdéhùn Cotonou, tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Kàríbíánì àti Pàsífíìkì bá Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 2000, gbé e kalẹ̀ kedere. Abala 6 rẹ̀ ka àwọn mẹ́ta: àwọn oníléeṣẹ́ aládàáni, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pẹ̀lú ti agbanisíṣẹ́, àti ẹgbẹ́ ará ìlú lóríṣiríṣi. Abala 4 ní kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ tó wọn létí, kí wọ́n máa gba ìmọ̀ràn wọn, kí wọ́n sì ràn wọ́n lọ́wọ́ pẹ̀lú owó.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe àwọn onísúùtù Àbújá nìkan ló ni í.

Àdéhùn wo ló kàn wá gan-an?

Ti ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ló sún mọ́ yín jù. Ètò tó fi ń mú owó ibodè kúrò láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wà láti ọdún 1979, wọ́n sì fi ọjà iléeṣẹ́ kún un ní 1990. Lábẹ́ ètò yìí, irè oko tí a kò tíì sọ di nǹkan mìíràn àti ohun tí a fọwọ́ ṣe kò nílò ìwé ẹ̀rí orísun, ìyẹn ìwé tó ń fi ibi tí ọjà ti wá hàn, kí wọ́n tó kọjá láìsan owó ibodè. Obì wà níbẹ̀. Aṣọ òkè tí a fọwọ́ hun wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè ìwé ẹ̀rí orísun lọ́wọ́ yín ní Sẹ̀mẹ̀ nítorí ìdì aṣọ òkè, ẹ̀tọ́ yín ni láti sọ pé òfin ò béèrè rẹ̀. Ọjà tí iléeṣẹ́ ṣe ló nílò ìwé, iléeṣẹ́ àti ọjà náà sì gbọ́dọ̀ ti gba àṣẹ ṣáájú.

AfCFTA, àdéhùn òwò ọ̀fẹ́ tó kan gbogbo Áfíríkà, ni wọ́n fọwọ́ sí ní Kigali ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 2018. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní Niamey ní ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 2019. Òwò lábẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2021. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan máa mú owó ibodè kúrò díẹ̀díẹ̀ lórí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún irú ọjà, ìdá 7 máa pẹ́ díẹ̀ sí i, ìdá 3 ni wọ́n gbà pé kí a má fọwọ́ kàn. Ọjà wo ló bọ́ sínú 7 àti 3 yìí? Ibẹ̀ ni ìjà wà, nítorí orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀ ló ń yàn án.

Àdéhùn Samoa ló rọ́pò ti Cotonou. Wọ́n fọwọ́ sí i ní Apia ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, Nàìjíríà sì darapọ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2024. Ó tún ku EPA, àdéhùn òwò tí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àti Yúróòpù parí kíkọ rẹ̀ ní 2014. Nàìjíríà kọ̀, kò fọwọ́ sí i. Ghana àti Côte d'Ivoire ti ń lo tiwọn láti 2016.

Ṣé ohùn ará ìlú ti yí nǹkan kan padà rí?

Ó ti yí i. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, gbogbo ètò ti tò pé kí Ààrẹ Muhammadu Buhari lọ fọwọ́ sí AfCFTA ní Kigali. Ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́, MAN, àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, NLC, figbe ta pé ẹnikẹ́ni ò bi àwọn. Ìrìn àjò náà dúró nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀. Ọ́fíìsì tó ń bá Nàìjíríà dúnàádúrà òwò, NOTN, wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ẹnu àwọn èèyàn. Ìgbìmọ̀ kan jábọ̀ fún Ààrẹ ní oṣù kẹfà ọdún 2019, oṣù tó tẹ̀lé e ni Nàìjíríà fọwọ́ sí i.

Ẹ wo ẹni tó pariwo. Àwọn tó ní ọ́fíìsì ni, tó ní akọ̀wé tó ń gba owó oṣù, tí ìwé wọn sì ti wà nílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó gbóná. Ọlọ́jà tí ẹ̀dùn rẹ̀ jọ tiwọn ṣùgbọ́n tí kò ní ìwé, a ò gbúròó rẹ̀.

Ṣé AfCFTA ní ìjókòó kan tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ ará ìlú?

Rárá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ yín nítorí ìjókòó tí kò sí. Ẹ̀ka mẹ́rin ni àdéhùn náà dá sílẹ̀: ìpàdé àwọn olórí orílẹ̀-èdè, ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà òwò, ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba, àti ọ́fíìsì àgbà tó wà ní Accra. Gbogbo wọn, ti ìjọba ni. Bí orílẹ̀-èdè kan bá tilẹ̀ rú òfin rẹ̀, ìjọba nìkan ló lè pe ìjọba lẹ́jọ́ níbẹ̀.

Ọ̀nà yín, nílé ló ti bẹ̀rẹ̀: mínísírì òwò ní Àbújá, NOTN, mínísírì tó ń rí sí òwò ní Abẹ́òkúta, àti àwọn ẹgbẹ́ ńlá tí wọ́n ń pè sí ìpàdé, bíi MAN, ẹgbẹ́ oníṣòwò Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní NANTS, àti ẹgbẹ́ oníṣòwò àti ilé iṣẹ́ ti Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹgbẹ́ kékeré tó bá wọ abẹ́ ọ̀kan nínú wọ̀nyí máa ń tètè gbọ́ ọ̀rọ̀ ju èyí tó dá dúró lọ.

Báwo ni ti àwọn ará Yúróòpù ṣe ń ṣiṣẹ́?

Nínú àwọn àdéhùn òwò tuntun wọn, láti orí ti Kòríà Gúúsù tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011, ìhà kọ̀ọ̀kan máa ń ní ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn tirẹ̀: agbanisíṣẹ́, òṣìṣẹ́, àti àwọn ẹgbẹ́ tó ń rí sí àyíká tàbí ẹ̀tọ́, kí wọ́n pín in dọ́gba. Ìgbìmọ̀ yìí ń kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ìlérí lórí òṣìṣẹ́ àti àyíká. Kò lágbára láti pàṣẹ.

Ti Kòríà fi ibi tó dára àti ibi tó kù sí hàn. Ìgbìmọ̀ ti Yúróòpù kọ̀wé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2014 pé Kòríà ò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Ìgbà tó di oṣù kejìlá ọdún 2018 ni Yúróòpù tó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n yàn dá a ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021 pé òfin Kòríà ò bá àdéhùn mu ní àwọn ibì kan, Kòríà sì fọwọ́ sí mẹ́ta lára àdéhùn àgbáyé lórí òṣìṣẹ́ lọ́dún náà. Ọdún méje gbáko! Ní Vietnam ọ̀rọ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀: ní ọdún 2021 ìjọba mú olórí ẹgbẹ́ méjì tó ń gbìyànjú láti wọ irú ìgbìmọ̀ yìí, ó ní wọn ò san owó orí.

Níwọ̀n bí Nàìjíríà kò ti fọwọ́ sí EPA, irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí fún wa báyìí. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín síbẹ̀, ẹ bi í pé lábẹ́ àdéhùn wo.

Ta ló lè sọ̀rọ̀ lórúkọ wa? Ṣé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ lè ṣe é?

Kò sí òfin tó ní kí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí ní Ìjẹ̀bú, má sọ̀rọ̀, àwọn ènìyàn ńlá sì wà nínú wọn. Lójú tiwa, ẹgbẹ́ tó so mọ́ ọjà kan ló yẹ kó jókòó: ti obì, ti gàrí, ti kòkó. Nígbà tí wọ́n bá bi yín pé agbọ̀n mélòó lọ sí òkè ọya lóṣù tó kọjá, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí ò ní lè dáhùn. Ipò tó bá rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ mu ni kó san owó àyẹ̀wò, kó sì bá yín mọ ẹni tó yẹ kí ẹ rí.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù máa fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀. Ẹgbẹ́ tí kì í ṣe alájẹṣẹ́kù lè gba ọ̀dọ̀ CAC lọ, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ apá tó kan àwọn alágbàtọ́ (trustees) nínú òfin iléeṣẹ́ ọdún 2020: ẹ máa yan alágbàtọ́, ẹ máa gbé ìkéde jáde nínú ìwé ìròyìn méjì, ẹ sì máa dúró fún ọjọ́ 28 bóyá ẹnìkan máa takò yín. Orúkọ tó wà lórí ìwé ẹ̀rí yìí gan-an ni kí ẹ kọ sórí gbogbo lẹ́tà. Bí ẹ bá kọ orúkọ ìnagijẹ ẹgbẹ́ sórí ọ̀kan, tí ẹ kọ orúkọ ìwé ẹ̀rí sórí èkejì, akọ̀wé máa kà yín sí ẹgbẹ́ méjì.

Ìgbà wo ló yẹ kí a sọ̀rọ̀?

Ìgbà tí ìwé ṣì ṣí sílẹ̀ ni. Ìyẹn ni ìgbà tó rọrùn jù, òun náà ni ìgbà tí ẹnikẹ́ni kì í rántí. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, ọ̀nà kò tíì dí pátápátá. Abala 12 ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé àdéhùn kò ní agbára òfin ní Nàìjíríà àfi tí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ bá sọ ọ́ di òfin, nítorí náà aṣojú ẹkùn yín l'Ábújá ní iṣẹ́ láti ṣe. AfCFTA tún ní kí a máa ṣàtúnyẹ̀wò rẹ̀ lọ́dún márùn-ún márùn-ún. Nàìjíríà sì gbé àtẹ owó ibodè rẹ̀ jáde nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Ẹni tí ọjà rẹ̀ bọ́ sí ibi tí kò tọ́ ní láti kọ̀wé nísinsìnyí.

Kí la máa kọ sínú ìwé wa?

Ojú ewé méjì ti tó. Ẹni tó ń kà á lè ní ogójì irú rẹ̀ lórí tábìlì, orí ìlà mẹ́rin àkọ́kọ́ ló sì máa ti pinnu bóyá kó máa kà á lọ. Ẹ fi nọ́ńbà ọjà náà bẹ̀rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí kọ́sítọ́ọ̀mù gbogbo àgbáyé mọ̀ ọ́n sí. Ti obì ni 0802.70. Láìsí nọ́ńbà yìí, bí ẹ bá ní “ẹ gbà wá lórí obì”, ẹni tó wà lẹ́nu àtẹ kò mọ ìlà tó máa ṣí.

Lẹ́yìn nọ́ńbà, ẹ sọ òfin tàbí ìṣe tó ń dà yín láàmú àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, iye tó ń ná yín. Níbí ni ọ̀pọ̀ ìwé ti ń kú, torí “a ń pàdánù gan-an” ni wọ́n kọ síbẹ̀. Obì rọrùn láti wọ̀n. Kí ọkọ̀ tó gbéra ní Ṣàgámù, ẹ mú agbọ̀n mẹ́rin láìṣà, ẹ ka ọgọ́rùn-ún obì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ iye tí kòkòrò ti jẹ, iye tó ti gbẹ àti iye tó ti bu. Ẹ sàmì sí agbọ̀n mẹ́rin yìí. Nígbà tí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n ń lọ, ẹni tó gbà wọ́n tún ka ọgọ́rùn-ún nínú àwọn agbọ̀n náà. Ìyàtọ̀ méjèèjì, bí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, ní ìlọ́po iye agbọ̀n tó wà nínú ọkọ̀ àti iye owó agbọ̀n kan, ni owó tí ẹ pàdánù lójú ọ̀nà. Ẹ ṣe é fún ọkọ̀ tó yára dé àti ọkọ̀ tí wọ́n dá dúró, kí ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ìkejì, torí obì tó yára dé náà máa ń bàjẹ́ díẹ̀; ohun tó kù ni owó tí ìdádúró jẹ yín. Bí ẹ kò bá yọ ìyẹn kúrò, wọ́n máa ní ẹ pọ́n ọn lé.

Ìlà tó kẹ́yìn ni ohun tí ẹ fẹ́. Ẹyọ kan. Ẹ kọ gbólóhùn náà bí ẹ ṣe fẹ́ kó wà nínú òfin, kí wọ́n lè dà á kọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbé ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n lu sítáǹpù sí ẹ̀dà tiyín pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n gbà á. Ìwé tí kò ní sítáǹpù, ẹ kò mú un wá nìyẹn.

Obì tó ń gba Kánò lọ sí orílẹ̀-èdè Niger ńkọ́?

Niger, Mali àti Burkina Faso kúrò nínú ECOWAS ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025. ECOWAS ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì máa tọ́jú ọjà àwọn mẹ́ta náà bíi ti tẹ́lẹ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá sọ ohun mìíràn. Ìyẹn dáàbò bo ohun tó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Ohun tó ń lọ sọ́dọ̀ wọn, ọwọ́ wọn ló wà: ní oṣù kẹta ọdún náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kéde owó 0.5% lórí ọjà tó bá ti ìta wọlé. Niger ṣì wà lára àwọn tó fọwọ́ sí AfCFTA, nítorí náà ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bóyá obì lè gba ọ̀nà ìyẹn. Obì tó hù ní oko Rẹ́mọ jẹ́ ọjà tí a rí láti ilẹ̀ wa pátápátá, kò sí àríyànjiyàn lórí orísun rẹ̀. Ṣùgbọ́n lábẹ́ AfCFTA, ẹ máa gba ìwé ẹ̀rí orísun lọ́dọ̀ Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà.

Kí ni ìlànà àgbáyé wá wá dé ìdí gàrí Ìjẹ̀bú?

Nǹkan púpọ̀ ni. Ìlànà Codex, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà oúnjẹ, fún gàrí, nọ́ńbà 151, sọ pé omi inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 12% lọ, kí kíkan rẹ̀ sì wà láàárín 0.6% àti 1%. Gàrí wa kan torí ó ń pẹ́ nínú àpò kí a tó yan án. Kíkan yẹn gan-an làwọn oníbàárà ń wá. Ẹ gbé gàrí yín lọ fún àyẹ̀wò, láti ìsọ bíi mélòó kan, ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní òjò. Bí ó bá sún mọ́ òkè 1%, ọ̀rọ̀ ti wà fún yín láti sọ nínú ìgbìmọ̀ Codex ti Nàìjíríà. Bí ẹ kò bá ní èsì àyẹ̀wò, ẹ má tíì lọ.

Ìlànà nípa ohun-ìní ọpọlọ tí AfCFTA gbà wọlé ní 2023 kan orúkọ ọjà tó so mọ́ ilẹ̀ kan. Bí wọ́n bá máa dáàbò bo orúkọ “gàrí Ìjẹ̀bú”, ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ bí a ṣe ń ṣe é sílẹ̀: iye ọjọ́ nínú àpò, bí ihò ajọ̀ ṣe tóbi tó, àti ààlà ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ jà á láàárín ara yín kí ẹ tó gbé e jáde.

Kòkó wa ńkọ́?

Òfin Yúróòpù lórí igbó pípa, tí wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kò ní gba kòkó láti ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2020. Oko tó ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ nílò ààlà rẹ̀ yíká. Èyí tó kéré sí i, ojú ibì kan lórí máàpù tó. Ó tún ní kí oko náà bá òfin orílẹ̀-èdè mu, ẹni tó sì gbin kòkó sínú igbó ọba Ọmọ lápá J4 mọ ohun tí a ń wí. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fi lẹ́tà sí Brussels yanjú. Abẹ́òkúta ni kí ẹ gbé e lọ.

Kí ló máa ń ba ìjíròrò jẹ́?

Ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ sí lẹ́nu ọ̀nà ló burú jù. Ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ wá. Lọ́la ó di ẹ̀rí pé ẹ gbà. Ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ yín pé: “Mo wá gbọ́. Ẹgbẹ́ wa kò tíì gbà.” Ẹ ya fọ́tò ojú ewé náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni pípè yín lọ́jọ́ Jímọ̀ fún ìpàdé ọjọ́ Ajé, tí ìwé tí ẹ máa jíròrò sì jẹ́ ọgọ́rùn-ún ojú ewé. Ẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ béèrè níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì láti fèsì, kí wọ́n sì kọ ìbéèrè náà sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé. Ẹ̀yìn ẹgbẹ́ náà máa ń tú: alága lọ, kò jábọ̀ fún ẹnikẹ́ni, nígbà tó sì kúrò lórí àlééfà gbogbo ìwé bá a lọ ilé. Ọ̀dọ̀ akọ̀wé ni kí fáìlì wà, kí ẹ̀dà kan sì wà lọ́dọ̀ ìyálọ́jà.

Ti Samoa ní oṣù keje ọdún 2024 tún ń kọ́ wa nǹkan. Ariwo bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí Nàìjíríà ti fọwọ́ sí i, lórí ọ̀rọ̀ pé ìbálòpọ̀ akọ sí akọ wà nínú rẹ̀. Ìjọba ní kò sí níbẹ̀. Ìwé náà ti wà ní gbangba fún oṣù púpọ̀ kó tó di pé ẹnikẹ́ni bínú. Apá tó kan òwò àti iṣẹ́ àgbẹ̀ kò tiẹ̀ wọ inú ìjà náà.

Wọ́n dá ọjà mi dúró ní bọ́dà. Ta ni mo lè fẹjọ́ sùn?

AfCFTA ní ojúkò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tradebarriers.africa, tí oníṣòwò fúnra rẹ̀ lè fi ẹjọ́ sí lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n á sì gbé e lọ sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó o ní orílẹ̀-èdè méjèèjì. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí tí ẹ dé àti èyí tí ẹ kúrò, orúkọ ibi àyẹ̀wò, ẹ̀ka tí òṣìṣẹ́ náà ti wá, nọ́ńbà ọkọ̀, irú ẹrù àti iye rẹ̀, owó tí wọ́n gbà àti bóyá wọ́n fún yín ní rìsíìtì. Ẹjọ́ tó sọ pé “kọ́sítọ́ọ̀mù ń fìyà jẹ wá” máa kú síbẹ̀.

Bí wọ́n bá kọ̀ láti fún wa ní ìwé tàbí àkọsílẹ̀ ìpàdé ńkọ́?

Òfin òmìnira ìròyìn ọdún 2011 wà. Ẹnikẹ́ni lè béèrè láìsọ ìdí. Wọ́n gbọ́dọ̀ fèsì láàárín ọjọ́ méje, wọ́n sì lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti lọ sílé ẹjọ́. Owó ìtanràn fún kíkọ̀ láìtọ́ jẹ́ ₦500,000. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì sọ ní oṣù kẹrin ọdún 2025 pé òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà Abẹ́òkúta ò lè ní ti Àbújá ni.

Ẹni tí kò lè kọ̀wé lè sọ ọ́ lẹ́nu. Òṣìṣẹ́ tó gbọ́ ọ ni òfin ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì fún un ní ẹ̀dà. Wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ ìbáṣepọ̀ orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè bojú kí wọ́n má fún yín ní ìwé ìdúnàádúrà, àfi tí àǹfààní aráàlú bá ju ewu rẹ̀ lọ. Nítorí náà ẹ má kọ́kọ́ béèrè ìyẹn. Ẹ béèrè orúkọ àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n pè sí ìpàdé, ọjọ́ tí wọ́n fi lẹ́tà ìpè ránṣẹ́, àti ẹ̀dà ìwé tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi sílẹ̀. Bí orúkọ ẹgbẹ́ obì Rẹ́mọ bá wà níbẹ̀ tí ẹ kò sì lọ, ẹ ti mọ ẹni tí ẹ máa bi.